Níbo Lẹ Ó Sùn l'Ékòó, Níbo Ni Mọ́tò Yín Yóò Sùn?

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé orí owó, kì í sì í ṣe ti àwọn tí a kì í rí nípàdé àfi tí wọ́n bá fẹ́ yáwó. Ọ̀rọ̀ oorun ni. Ẹni tó bá gbéra láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tó fẹ́ lọ nájà l'Ékòó, tó sì mọ̀ pé òun ò lè lọ kí òun bọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, níbo ló máa sùn? Mọ́tò tó gbé lọ ńkọ́, níbo lòun náà máa sùn?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ iye tí wọ́n ń ta àńkárá ọ̀pá mẹ́fà kí a tó kúrò nílé. A mọ iye tí a ó fi tà á tí a bá dé. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá bi wá ní iye tí a ó ná sórí ibùsùn àti ibi ìgbọ́kọ̀sí, ohun tí a máa ń sọ ni pé, "Tá a bá débẹ̀, a ó mọ̀." Ẹ̀yin èèyàn wa, "tá a bá débẹ̀, a ó mọ̀" yìí ló ń jẹ èrè wa.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ÀWỌN MẸ́TA KAN

A ti gbàyè lọ́wọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kí a tó kọ ọ́. Wọ́n ní kí a kọ ọ́ kó lè jẹ́ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kí a má dárúkọ àwọn. Ìyá kan tó ń ta àńkárá ni, àti àbúrò rẹ̀ tó ń ta léèsì, àti bàbá kan tó ń ta bàtà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Mọ́tò bàbá náà ni wọ́n wọ̀ lọ.

Ọjọ́rú ni wọ́n gbéra, ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó kúrò nílé. Wọ́n bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pàdé kí wọ́n tó dé Berger. Nígbà tí wọ́n fi máa gun Third Mainland Bridge, ilẹ̀ ti ṣú. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ebi ń pa wọ́n, ó rẹ̀ wọ́n, wọn ò sì gba yàrá kankan sílẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tí wọ́n dé, ó ti kún. Ìkejì, owó tí wọ́n pè ga ju ọwọ́ wọn lọ. Ìkẹta wà nínú ọ̀nà tóóró kan. Yàrá wà, owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ọgbà tí mọ́tò lè wọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń rò ó ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti yọ sí wọn. Ó ní, "Bàbá, ẹ fi síbí, kò séwu. Èmi ni mò ń ṣọ́ gbogbo ibí." Ó gbowó, ó kí wọn pé ó dàárọ̀, wọ́n lọ sùn.

Ilẹ̀ mọ́, Ọjọ́bọ̀ ni. Wọ́n ní kí àwọn tètè débi àtẹ, wọ́n bá gbogbo ọjà ní títì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ya àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ sọ́tọ̀ fún ìmọ́tótó ọjà l'Ékòó, láti aago méje títí di mẹ́wàá, àwọn ò sì rántí. Wọ́n padà sídìí mọ́tò kí wọ́n jókòó síbẹ̀, wọn ò bá mọ́tò. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ gbogbo ibẹ̀ náà, wọn ò rí i mọ́.

Wọ́n rò pé olè ti gbé e lọ ni. Ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó gbọ́ pé ọ̀nà ọkọ̀ ni ibi tí wọ́n gbé e sí, àti pé wọ́n ti wọ́ ọ lọ sí ọgbà tí wọ́n ń kó irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ sí. Wọ́n san owó ìtanràn, wọ́n san owó tí wọ́n fi wọ́ mọ́tò, wọ́n san owó pé mọ́tò sùn nínú ọgbà. Wọ́n tún sùn ní òru kan sí i tí wọn ò ṣírò tẹ́lẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni wọ́n tó ra ìwọ̀nba ọjà tí owó tó kù lè rà, wọ́n wá kọjú sílé.

Nígbà tí àwa ìgbìmọ̀ jókòó tì wọ́n ní ọ́fíìsì láti ṣírò rẹ̀, a rí i pé owó tí ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn nìkan gbà lọ́wọ́ wọn ju owó tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ì bá fi sùn sí òtẹ́ẹ̀lì gidi tó ní ọgbà àti ọlọ́dẹ lọ. Ti ìyá náà ló dùn wá jù. Oṣù mẹ́ta ló fi ń wá bẹ̀bẹ̀ pé owó òun ò pé. Àwọn méjì tó ṣe onídùúró fún un kò rí owó yá ní gbogbo àkókò náà, nítorí òfin ẹgbẹ́ ti so owó tiwọn mọ́ tirẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń wá owó ilé ìwé ọmọ. Kì í ṣe pé ọjà ìyá náà kò tà o. Ọjà tà. Èrè ló ti sùn sí títì l'Ékòó.

ÌṢIRÒ KAN ṢOṢO NI

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a máa ń ya owó yàrá sọ́tọ̀, a óò ya owó mọ́tò sọ́tọ̀, a óò sì gbàgbé owó tí a fi ń rìn láti ibùsùn dé ọjà. Ìṣirò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe iye tí wọ́n ń gbà lónìí, nítorí owó yàrá a máa yí padà bí owó ata.

Ká ní ẹ̀yin méjì fẹ́ sùn òru méjì. Yàrá kìíní jẹ́ ₦12,000 lóru, ó jìnnà sọ́jà, kò sì ní ọgbà. Òru méjì jẹ́ ₦24,000. Ẹ fún ẹni tó ń ṣọ́ mọ́tò ní ₦2,000 lóru, ó di ₦4,000. Ẹ̀yin méjèèjì ń ná ₦3,000 ₦3,000 lójúmọ́ láti lọ sọ́jà kí ẹ sì padà, fún ọjọ́ méjì, ìyẹn ₦12,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦40,000.

Yàrá kejì jẹ́ ₦17,000 lóru, ó ní ọgbà, ó sì sún mọ́ ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì tó ń lọ sọ́jà. Òru méjì jẹ́ ₦34,000. Mọ́tò kò san kọ́bọ̀. Owó bọ́ọ̀sì jẹ́ ₦1,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ méjì, ìyẹn ₦4,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦38,000.

Ẹ ò rí i pé yàrá tí a pè ní ọ̀wọ́n ló wá pọ̀ jù ní ìrọ̀rùn? Ẹni tó sùn síbẹ̀ kò ní jí ní aago mẹ́rin òru kó tó débi àtẹ, ọkàn rẹ̀ kò sì ní máa sá lọ sídìí mọ́tò nígbà tó bá ń dúnàádúrà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ kì í ná ọjà dáadáa.

Ẹ KỌ́KỌ́ MỌ ỌJÀ TÍ Ẹ Ń LỌ

Èkó tóbi. Kò sí ibùsùn kan tó sún mọ́ gbogbo ọjà. Ọjà tí ẹ ń lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ tó wá yàrá.

Ẹni tó ń lọ ra aṣọ ní Balógun tàbí ní Ìdúmọ̀tà, Ìsàlẹ̀ Èkó ni ọjà rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n kò di dandan kó sùn sí Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí àyè mọ́tò ti há jù. Ẹ̀bútémẹ́ta, Oyingbo àti Yábàá wà ní ìkọjá omi lọ́hùn-ún. Láti Ìddó, Carter Bridge ló já sí Ìdúmọ̀tà. Sùúrùlérè náà kò jìnnà, nítorí Èkó Bridge wà tó já sí Àpọ́ńgbọ́n.

Ẹni tó ń lọ sí Alábà fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, tàbí tó ń lọ sí Trade Fair tí wọ́n kọ́ fún àpéjọ ọjà àgbáyé ti 1977, ojú ọ̀nà Badagry ló ń lọ. Festac àti Mile 2 ló sún mọ́ ọn. Ṣé ẹ rántí pé nítorí àjọ̀dún FESTAC ti 1977 náà ni wọ́n ṣe kọ́ ìlú Festac. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sì fẹ́ kan Balógun, kó fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì. Reluwé tí wọ́n ń pè ní Blue Line ti ń kó èrò láti Mile 2 lọ sí Marina láti September 4, 2023. Ibùdókọ̀ márùn-ún péré ni, kò sì mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ẹni tó ń wá ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládípọ̀, Múṣin ló ń lọ. Kó wá ibùsùn sí apá Ọ̀ṣòdì tàbí Ìsọlọ̀. Ẹni tó ń lọ sí Mile 12 fún oúnjẹ, kó wo Kétu àti Ojota. Ẹni tó ń ra fóònù àti kọ̀ǹpútà, Ìkejà ni Computer Village wà. Reluwé kejì, Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní October 2024, gba Àgbádó, Ìjú, Àgége, Ìkejà, Ọ̀ṣòdì, Múṣin àti Yábàá dé Oyingbo. Nítorí náà, ẹni tó bá rí yàrá tó dára ní Àgége lè dé Oyingbo láìjókòó sínú mọ́tò fún wákàtí mẹ́ta.

Ohun kan tún wà tí ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé. Láti June 1, 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Ìsàlẹ̀ Èkó, Lagos Mainland, Etí-Ọ̀sà, Ìkejà, Sùúrùlérè àti Apápá. Wọ́n sì fi àwọn mìíràn kún un ní September ọdún náà. Tí onílé ìtura bá ní, "Ẹ kàn gun ọ̀kadà, ẹ ti dé," ẹ bi í dáadáa. Wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀kadà náà, èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá wà nínú ẹ̀sùn.

ṢÉ DANDAN NI KÍ MỌ́TÒ WỌ ÈKÓ?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí a máa bi ara wa jù. Ẹni tó fẹ́ ra ẹrù púpọ̀, mọ́tò kékeré kò lè kó o. Lọ́rì ni yóò bá a gbé e wálé. Kí wá ni mọ́tò ń wá l'Ékòó? Ẹni tó fẹ́ ra díẹ̀ náà, mọ́tò rẹ̀ yóò kàn jókòó síbì kan láti àárọ̀ dalẹ́ ni, tí a ó máa sanwó lé e lórí.

Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ wa ò tíì lò. Tí a bá gba Ọ̀yọ́ bọ̀, Moniya ni a ó kọ́kọ́ kàn kí a tó wọ àárín Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ibùdókọ̀ reluwé Obafemi Awolowo wà. Láti June 2021 ni reluwé tuntun ti ń kó èrò láti ibẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Alágoméjì, Ẹ̀bútémẹ́ta. Gbogbo ọ̀nà náà jẹ́ kìlómítà 157. Ẹni tó bá sọ̀ ní Ẹ̀bútémẹ́ta ti sún mọ́ Oyingbo, ó sì ti sún mọ́ Carter Bridge.

Ẹ béèrè àsìkò tí reluwé ń gbéra kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí wọ́n a máa yí i padà, kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè bí ẹrù tí ẹ lè gbé wọ̀ ọ́ ti pọ̀ tó. Tí ẹ bá fẹ́ fi mọ́tò sílẹ̀ ní Moniya, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bóyá mọ́tò lè sùn mọ́jú; tí wọ́n bá ní kò lè sùn, ẹ gbé e sí ọgbà ará tàbí ojúlùmọ̀ ní Ìbàdàn. Mọ́tò tó sùn sí Ìbàdàn lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ mọ̀ sàn ju èyí tó sùn sí Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ ò mọ̀.

Ẹni tí reluwé kò bá lára mu lè sùn sí ẹnu ibodè, bíi Mowe, Ìbafò tàbí Berger, kó fi mọ́tò sí ọgbà òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, kó wá wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́jà. Owó yàrá lápá ibẹ̀ a máa rọ̀ díẹ̀, nítorí Ìpínlẹ̀ Ògùn ni Mowe àti Ìbafò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ Jímọ́ọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, nítorí ìsìn òru ìjọ Ìràpadà ní Redemption City. Ojú ọ̀nà náà máa ń kún, yàrá sì máa ń wọ́n.

IRÚ IBÙSÙN TÓ WÀ

Èkínní ni ilé ará tàbí ọ̀rẹ́. Òun ni a kọ́kọ́ máa ń rò, nítorí a ní ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, bó bá lọ tán là á san án. Yàrá kan péré ni ọ̀pọ̀ ará wa ní l'Ékòó, tọkọtaya àti ọmọ. Tí ẹ bá fẹ́ dé sọ́dọ̀ wọn, ẹ pè wọ́n ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ẹ sọ òru tí ẹ fẹ́ sùn, kí ẹ má sì kó ẹlòmíràn tẹ̀lé ara yín. Ẹ gbé ẹ̀lùbọ́ tàbí iṣu lọ fún wọn. Ẹ bi wọ́n bóyá mọ́tò lè sùn síwájú ilé. Onílé lè má gbà.

Èkejì ni ilé àlejò tí àwọn ìjọ kan ní. Wọ́n a máa mọ́, wọ́n a máa dákẹ́, owó wọn kì í sì í ga jù. Ṣùgbọ́n wọ́n a máa ti ilẹ̀kùn ọgbà lálẹ́, wọ́n sì lè kún tí àpéjọ bá wà. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ àlùfáà ìjọ yín nílé. Òun lè mọ̀ wọ́n, kó sì bá yín kọ lẹ́tà.

Ẹ̀kẹta ni òtẹ́ẹ̀lì kékeré. Àwọn tó dára pọ̀, àwọn tí kò dára náà pọ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé oníwákàtí-kan ni wọ́n ń fi yàrá wọn ṣòwò, tí orin kì í dákẹ́ títí di àfẹ̀mọ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀, ẹ mọ̀. Ẹni tó gbé owó ẹgbẹ́ dání kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ilé odidi tí wọ́n ń yá fún ọjọ́ díẹ̀, tí àwọn ọmọ Èkó ń pè ní ṣọ́ọ̀tù-lẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ò lè dá a san. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tó mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹ ó rí ibi dáná, ẹ ó rí ibi kó ẹrù sí, mọ́tò yóò sì wà nínú ọgbà. Wọ́n a máa gba owó ìdúró lé e, tí wọ́n ń dá padà tí nǹkan kan kò bá bàjẹ́. Ẹ rí i pé ó wà lórí ìwé.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tí a kò fẹ́ gbọ́ mọ́, ni kí ènìyàn sùn sínú mọ́tò rẹ̀ tàbí sí gáréèjì. Ẹni tó ṣe é tí kò rí ibi, kó dúpẹ́. Kó má tún un ṣe.

KÍ Ẹ TÓ SANWÓ, Ẹ BI WỌ́N LÉÈRÈ

Ẹ pè wọ́n lórí fóònù nígbà tí ẹ ṣì wà nílé. Ohun tí ẹ ó béèrè nìyí:

1. Èló ni yàrá lóru kan, ṣé VAT ti wà nínú rẹ̀? Ènìyàn mélòó ló lè sùn sínú rẹ̀ láìfowó kún un?

2. Ṣé inú ọgbà ni mọ́tò yóò sùn, àbí iwájú ọgbà? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "a ní páàkì" dá yín lóhùn. Iwájú ilé kì í ṣe inú ọgbà.

3. Mọ́tò mélòó ni ọgbà náà gbà? Tí mọ́tò mẹ́fà bá ti wọ̀ ọ́ kí ẹ tó dé ńkọ́?

4. Aago mélòó ni wọ́n ń ti géètì, aago mélòó ni wọ́n ń ṣí i?

5. Iná ńkọ́? Láti aago mélòó sí aago mélòó ni wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀? Omi ńkọ́?

6. Aago mélòó la gbọ́dọ̀ kúrò nínú yàrá, ṣé a lè fi ẹrù sílẹ̀ títí di ọ̀sán?

7. Bọ́ọ̀sì wo ló ń lọ sọ́jà láti ibẹ̀, èló sì ni?

Tí wọ́n bá ní kí ẹ san àsansílẹ̀, orúkọ ilé ìtura náà ni kí ẹ bá nídìí àkáǹtì, kì í ṣe orúkọ ẹnì kan tó ní òun ni mánijà. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ rìsíìtì, kò fẹ́ kí ẹ rí òun mú lọ́la ni.

TÍ MỌ́TÒ BÁ DI DANDAN

Tó bá di dandan kí mọ́tò wọ àárín Èkó, ẹ rántí pé ìlú tó ní òfin ni. Láti ọdún 2000 ni LASTMA ti wà lójú títì, òfin ìrìnnà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2018 sì dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. "A ò mọ̀" kì í ṣe àwíjàre níwájú wọn.

Ẹ má gbé mọ́tò sí etí ọ̀nà nítorí pé mọ́tò mìíràn wà níbẹ̀. Ẹni tó ni ìyẹn lè jókòó sínú rẹ̀. Ẹ má gbọ́ ti ọmọ àdúgbò tó bá ní òun ń ṣọ́ ibẹ̀. Ibi tí wọ́n ń gbowó lọ́nà ẹ̀tọ́ ní tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní ọgbà tàbí àmì, ó sì ní ẹni tí ẹ lè padà wá bá. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò àti ohun tó wà nítòsí sílẹ̀. Ẹ má fi ẹrù tàbí àpò sí ibi tí ojú ti lè rí i. Ẹ wo àmì ọ̀nà oníhà-kan dáadáa kí ẹ tó yà. Ìyà rẹ̀ l'Ékòó kì í ṣe kékeré.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ má wọ Èkó lóru. Ẹni tó bá tètè kúrò nílé ní àárọ̀, ojúmọmọ ni yóò dé. Ojú rẹ̀ yóò rí ohun tó ń sanwó lé lórí. Ká ní àwọn mẹ́ta wa ti kúrò nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ náà, bóyá a kì bá má ní ìtàn kankan láti sọ.

ÌYÁ NÁÀ TÚN LỌ

A ò fẹ́ kí ìtàn náà parí síbi tí a fi í sí. Ìyá yẹn tún padà lọ, òun pẹ̀lú obìnrin méjì mìíràn nínú ẹgbẹ́. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbéra ní ìdájí. Wọ́n fi mọ́tò sí ọgbà ìbátan rẹ̀ kan ní Moniya, wọ́n wọ reluwé. Wọ́n ti gba yàrá oníbẹ́ẹ̀dì méjì sílẹ̀ ní Ẹ̀bútémẹ́ta, lẹ́yìn tí wọ́n pe ibi mẹ́rin lórí fóònù. Wọ́n ra ọjà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n di ẹrù fún lọ́rì ní Ọjọ́rú, wọ́n sì wọ reluwé padà. Wọn ò débi ìmọ́tótó Ọjọ́bọ̀ rárá.

Nígbà tó dé, ó wá sí ọ́fíìsì. A rò pé owó ló fẹ́ san. Ó san án lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó kó rìsíìtì jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ti yàrá, ti reluwé, ti lọ́rì. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Èmi ò rí ẹni sọ fún mi." Gbèsè rẹ̀ àtijọ́ kò tíì tán o, ó ku díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onídùúró rẹ̀ ti bọ́; èyí tó ń wá owó ilé ìwé ti rí i gbà.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni a gbé yẹ̀wò nínú ìgbìmọ̀. A ti ra ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ti Èkó, Ìbàdàn, Kánò tàbí ìlú ńlá mìíràn dé, ẹ wá kọ ibi tí ẹ sùn sí, àdúgbò rẹ̀, iye tí ẹ san, ọjọ́ tí ẹ sùn síbẹ̀, bóyá ọgbà wà, bóyá iná àti omi wà. Èyí tí kò dára náà, ẹ kọ ọ́. Tí ẹ ò bá mọ ìwé kọ, ẹ wá sọ ọ́ lẹ́nu, akọ̀wé yóò bá yín kọ ọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ, kó wá wò ó kó tó gbéra, kó sì béèrè ẹni tí wọ́n jọ ń lọ lọ́sẹ̀ náà kí wọ́n lè jọ pín yàrá.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ìdí tí a fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyí: a kì í dá owó jọ kí òtẹ́ẹ̀lì àti títì Èkó wá jẹ ẹ́.

Àjò á dára o. Ọjà á tà. Kí a má ṣe rí ìjà ọ̀nà. Ó di oṣù tí ń bọ̀.